Omi Aró Mi àti Èédú Tí Wọ́n Dà Nù

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n mi, olórí ilé wa ní Òṣogbo, mo kúnlẹ̀ kí yín láti Lomé níbí. Orúnkún tó ń ro mí kò ní kí n má kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, èmi ọkọ yín obìnrin ń kí yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọkọ yín ni mo jẹ́ bí eyín mi tilẹ̀ ti ká. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí mo kúrò nílé, ìyá yín àgbà ń kí yín. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, nítorí pé gbangba ni wọ́n ti bà mí jẹ́, gbangba náà ni n ó ti fèsì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ìwé tí mo kà kò ju èyí tí wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn lọ, ṣùgbọ́n kí olóòtú má ṣe bá mi tún ẹnu mi ṣe.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní Lámídì tó ń ta abọ́ ti ti Lomé níbí dé ilé, ó ní mo da májèlé sómi àwọn onílẹ̀ níbí, pé ìjọba fẹ́ fọ́ ìkòkò mi, pé kí n yáa di ẹrù mi kí n máa bọ̀ kó tó di pé mo ba orúkọ bàbá wa jẹ́. Nígbà tí mo kà á, mo tutọ́ sílẹ̀. Lámídì! Ẹni tó jẹ́ pé inú ọgbà mi ló ti mu ẹ̀kọ láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, tó tún ní kí n bu sí i!

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Àwa obìnrin mẹ́rin la jọ ń rẹ aró nínú ọgbà kan ní Bè, lẹ́bàá ọ̀sà. Aró tó bá ti kú, tí kò mú aṣọ mọ́, kòtò ẹ̀yìn ọgbà là ń dà á sí. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ṣe ń ṣe é, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n yanrìn ni ilẹ̀ ibí, kì í ṣe ilẹ̀ tiwa. Ohun tó bá mu, kì í bá ọ pa á mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Dada Afi tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa (Dada ni wọ́n ń pe àgbà obìnrin níbí) gbé igbá omi kànga rẹ̀ wá, ó dà á síwájú ẹsẹ̀ mi. Omi náà ti di aró, ó ń rùn bí ẹyin tó bu. Ó bi mí pé ṣé kí òun mu ún ni àbí kí òun kúkú kó aṣọ òun wá kí òun rẹ ẹ́ sínú kànga. Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n òórùn yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Tèmi ni. Mo kórìíra ara mi lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ tí wolé-wolé fi dé, òyìnbó Faransé kan báyìí, pẹ̀lú ògbufọ̀. Kò kí wa ní bọ̀njúù kankan. Ó fi áńkáṣíìfù bo imú bí ẹni tó wá wo òkú. Ògbufọ̀ ní ó ní bí aró bá ṣì ń wọ kànga nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, òun á fọ́ gbogbo ìkòkò wa, òun á sì lé wa. Mo ní kó bá mi bi í bóyá imú rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lókè ọ̀hún, níbi tí ilé iṣẹ́ epo ti ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sí ọ̀sà: omi tó ki bí ọbẹ̀ tó ti kan, tí ìdin ń rá lójú rẹ̀, tí ẹja ń kú yíkùn sókè létí rẹ̀. Ògbufọ̀ wò mí, ó wo bàtà rẹ̀, kò túmọ̀ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin.

Ìbínú ló gbé mi dé ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ náà. Èèpo ekùrọ́ ni wọ́n fi ń dáná sí ẹ̀rọ wọn. Èyí tó bá jó di èédú, wọ́n á kó o dà nù. Òkìtì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó òrùlé. Ẹ̀ka omi ìdọ̀tí wọn kan wọ abẹ́ òkìtì yẹn lọ. Mo yí lọ sódì kejì níbi tó ti ń yọ, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀. Kò rùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì mọ́ díẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín ìríra. Ohun tí wọ́n ń dà nù ń fọ ohun tí wọ́n ń dà nù, wọn kò sì mọ̀!

A kó èédú náà ní agbọ̀n agbọ̀n, kò sẹ́ni tó bi wá, ààtàn ni. Ẹ̀yin náà mọ ìkòkò oníhò tí à ń kó eérú sí láti sẹ́ omi eérú fún aró. Irú ìkòkò yẹn ni mo kó o sí, mo wá ń da aró tó kú lé e lórí. Ohun tó ń kán nísàlẹ̀ mọ́ gaara bí omi òjò. Mo pariwo! Mo gbé e lọ bá Dada Afi, mo fi ìgbéraga bu ú sídìí ata rẹ̀.

Ibí ni mo ti ṣìṣe, n kò ní fi pamọ́. Eérú funfun pọ̀ nínú èédú yẹn, n kò sì fọ̀ ọ́. Aláró wo ló ń fọ eérú? Agbára aró ni eérú. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ nílé wa, wọ́n á ní orí rẹ̀ dàrú. Omi tó mọ́ gaara yẹn, omi eérú ni, ó le ju ti ọṣẹ lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ata Dada Afi rọ, ó gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ tó fi kàn án sì ń yún un. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Lámídì ń di ẹrù. Èyí tó rí ló gbé wálé. Kò dúró wo èyí tó kù.

Èyí tó kù nìyí. Mo da èédú náà jáde, mo ń fọ̀ ọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n ní Ìyá Òṣogbo ti ń fọ eérú, ọ̀la ni yóò máa sá omi sóòrùn. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Mo fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ kò fi yọ̀ mọ́ láàárín ìka mi, títí tí mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò tí kò ta mí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tọ́ ọ wò. Báwo ni aláró ṣe ń mọ omi eérú bí kì í bá ṣe ahọ́n? Ó rí mi lára débi pé n kò jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún da aró òkú sí i, àwọ̀ lọ, òórùn lọ, kò sì pa ewéko. N kò sọ pé ẹ mu ún o. Bí èédú bá ti yó, tí omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, a ó pààrọ̀ rẹ̀. A kò sì da aró kankan sí kòtò ẹ̀yìn ọgbà láìkọ́kọ́ sẹ́ ẹ mọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, wolé-wolé dé. Dada Afi fúnra rẹ̀ ló fa omi láti kànga rẹ̀ tó ti ń mọ́ padà, ó gbé e sábẹ́ imú òyìnbó náà, ó ní kó ká áńkáṣíìfù yẹn kúrò kó gbóòórùn dáadáa. Wọn kò fọ́ ìkòkò kankan. Òyìnbó náà kàn kọ nǹkan sínú ìwé, ó lọ.

Ẹ má rò pé ayé dùn mọ́ mi níbí. Afẹ́fẹ́ òkun ti fi iyọ̀ jẹ ìlẹ̀kùn mi tán. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ó lè pé ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnì kan tó bá mi sọ ọ̀rọ̀ ilé tó lè pa mí lẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n n kò tíì lè wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akọ̀wé ilé iṣẹ́ epo dé ọgbà mi, ó ní ọ̀gá òun gbọ́ láti ẹnu wolé-wolé, ó ní kí n wá fi han àwọn òṣìṣẹ́ bí wọn ó ṣe máa sẹ́ omi tiwọn. Mo ní kó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé èmi kì í lọ kọ́ni nílé ẹni tó ń sọ ọ̀sà di ṣáláńgá. Kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, láìbo imú, kó kúnlẹ̀ tì mí lẹ́bàá ìkòkò, kó sì fi ahọ́n tọ́ omi rẹ̀ wò bí mo ṣe tọ́ tèmi. Akọ̀wé ní ọ̀gá òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Mo ní ó dáa, pé èmi ráyè láti dúró dè é.

Ó tọ́jọ́ mẹ́fà báyìí, kò tíì wá. Mo ti gbé àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò dè é. Nítorí náà, ẹ má tíì tún yàrá ṣe dè mí o.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ̀gbọ́n mi, ilé kò ní dá páro mọ́ yín lójú. Omi tí ẹ ó máa mu kò ní dí yín lọ́nà ọ̀fun. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kí Lámídì náà, ẹ ní mo ní ẹ̀kọ rẹ̀ ti tutù.

Èmi ni àbúrò yín àti ọmọ yín, tí orúkọ rẹ̀ ṣì mọ́,
Àṣàbí Aláró, ní Lomé.