Ìlà Tí Èmi àti Arábìnrin Alzina Tò Sí ní Las Vegas

Abúlé Bẹ́túẹ́lì, Nevada
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, 1955

Verla ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí ṣe ń wọlé tọ̀ ọ́, kí ayọ̀ bá a wọlé. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Ṣé oòrùn ìlú yín ò tíì yan yín jẹ? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí kànga wa gbẹ kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbẹ. Bó o bá ń béèrè wa, a wà. Orúnkún mi máa ń dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, àmọ́ òjò ò rọ̀, torí náà kò dùn mí. Màlúù pupa ti bímọ. Bọ́ǹbù tí ìjọba ń dán wò lẹ́yìn òkè fọ́ gíláàsì fèrèsé ilé ìdáná lóṣù tó kọjá, mo sì ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa dúró kí adìẹ yé ẹyin tán kí wọ́n tó yìn ín. Wọn ò tíì fèsì.

Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ o. Lọ́jọ́ Ẹtì, a wá sí ìlú yín. Ápíríkọ́ọ̀tì ti pọ́n, mo ní kí n gbé agbọ̀n kan wá fún ọ, Arábìnrin Alzina, opó tó ń gbé òdìkejì odò wa, sì ní òun á tẹ̀ lé mi kí n má bàa sùn lọ nídìí ọkọ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ń bá wọn fọ́ àpáta níbi tí wọ́n ti sé odò ńlá yẹn ni dínámáìtì ti di etí òsì mi pa. Ọ̀tún mi ló jókòó sí, níbi tí etí tó ń gbọ́ràn wà, ó sì ń sọ̀rọ̀ láti Bẹ́túẹ́lì títí dé Las Vegas, ọgọ́rùn-ún máìlì gbáko. Kò sú mi.

Verla, ṣé ìlú náà nìyẹn? Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí àwọn ará rélùwéè ń ta ilẹ̀ ibẹ̀ ní gbàǹjo. Àgọ́ aláṣọ àti eruku ló kún ibẹ̀, mò ń fi ife ta omi fún àwọn tó ń náwó sí iyanrìn. Ẹnì kan fi ilẹ̀ lọ bàbá mi lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ fi gba ìbaaka wa. Bàbá mi ní ìbaaka òun ń rìn, ṣé ilẹ̀ yẹn lè rìn? A rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Ìbaaka náà kú lọ́dún kejì. Orí ilẹ̀ yẹn gan-an ni Hòtẹ́ẹ̀lì Ràkúnmí Wúrà tó o ti ń ṣiṣẹ́ dúró sí báyìí, pẹ̀lú iná tí wọ́n tàn lọ́sàn-án gangan, bí ẹni pé oòrùn ò tó wọn.

Ọkùnrin kan tó wọṣọ bí ọ̀gágun lẹ́nu ọ̀nà sọ fún wa pé o wà nídìí tẹlifóònù, pé o ò ní ráyè títí di aago mẹ́ta. Mo bá gbé tẹlifóònù kan tó wà lórí tábìlì, mo ní Verla, bàbá rẹ rèé. Obìnrin kan ló dáhùn, ó ní oúnjẹ wo ni kí wọ́n gbé wá sí yàrá mi. Mo ní a ti jẹun, ẹ ṣeun. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀ mí rí tó fi ń fi oúnjẹ lọ̀ mí.

Ibẹ̀ la wà tí Alzina rí àpótí irin kan tó ní apá kan ṣoṣo. Àwọn obìnrin ń ju owó sínú rẹ̀, gbogbo wọn fajú ro, ó sì dá a lójú pé àpótí àwọn aláìní ni. Òun náà ju sẹ́ǹtì márùn-ún sí i, ó fa apá rẹ̀ bó ṣe rí i tí wọ́n ń fà á. Yéè! Agogo dún, iná ń ṣẹ́jú, àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í bi owó ẹyọ. Alzina figbe ta pé òun ti ba àpótí àwọn aláìní jẹ́. Ó kó gbogbo owó ẹyọ náà sínú aṣọ ìdáná rẹ̀, ó sì ń bẹ ọ̀gágun ẹnu ọ̀nà. Onítọ̀hún ní tirẹ̀ ni. Ó ní òun ò ní gbé owó aláìní relé láé. Bá a ṣe jáde nìyẹn, tá à ń wá ẹni tá a máa gbé e fún.

Bá a ṣe dé iwájú kọ́ọ̀tù, a rí ìlà. O kéré nígbà ọ̀dá owó, tí gbogbo wa ń tò gba ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ìjọba, o ò lè rántí. Ẹni tó bá rí ìlà a kọ́kọ́ tò ná, kó tó béèrè ohun tí wọ́n ń pín, torí ẹni tó bá dúró béèrè, ìyẹ̀fun á tán. A tò. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, méjì méjì, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, mo rò pé kí ẹnikẹ́ni má bàa já ìlà ni. Alzina náà di ọwọ́ mi mú. Nígbà tó kàn wá, akọ̀wé béèrè orúkọ wa àti ọjọ́ orí wa, ó béèrè bóyá ọkọ àti ìyàwó wa wà láyé, a ní wọ́n ti sùn nínú Olúwa, ó kẹ́dùn gan-an. Mo ní ìjọba yìí mà láàánú o. Ó ní dọ́là márùn-ún, Alzina sì kà á sílẹ̀ fún un nínú owó ẹyọ, inú rẹ̀ dùn pé owó ti dé ọ̀dọ̀ aláìní. Mo gbàgbé jígí ojú mi sílé, ibi tó nawọ́ sí lórí ìwé kan ni mo fọwọ́ sí, ó sì kó ìwé náà fún wa.

Ó ní ilé funfun tó wà lódìkejì ló kù. Ṣọ́ọ̀ṣì ni, òdòdó wà lẹ́nu ọ̀nà. Èwo ló tún dáa ju pé kéèyàn dúpẹ́ ìrìn àjò? Oníwàásù ibẹ̀ wọ bàtà funfun. Ó bi mí bóyá màá tọ́jú obìnrin yìí nínú àìsàn àti ìlera. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àbí ta ló máa gbé opó rin ọgọ́rùn-ún máìlì, tó máa wá já a sílẹ̀ tí ara rẹ̀ ò bá yá? Ó bi Alzina náà, Alzina ní láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti kú lòun ti ń ṣe é. Oníwàásù ní kí n kí i. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní ó ju ìyẹn lọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Wọ́n ya fọ́tò wa, a kó owó ẹyọ tó ṣẹ́ kù sínú igbá ọrẹ wọn. Nígbà tá a padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, o ti lọ, la bá gbé agbọ̀n fún ọ̀gágun ẹnu ọ̀nà. Bí ápíríkọ́ọ̀tì tó bá ọ délé ò bá tó ọgọ́rin, kọ̀wé sí mi.

Nígbà tá a délé ni mo mú ìwé náà fún Lamoni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, tó tún jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù wa, pé kó bá wa kà á nínú ìsìn. Ó kà á, ó nu jígí, ó tún un kà. Ló bá jókòó sórí àpò oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí ìyàwó rẹ̀ fi gbé omi wá. Ó ní Heber, èso lo lọ gbé fọ́mọ, o ta tẹ́tẹ́, o fẹ́yàwó, aago mẹ́ta ò sì tíì lù. Ojú tì mí, mo ní etí mi ni, n kò gbọ́ ohun tí oníwàásù ń sọ. Gbogbo abúlé ló gbà bẹ́ẹ̀. Lamoni ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ìlú yín náà ni wọ́n ti ń tú irú ìdè bẹ́ẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn èèyàn ń wọkọ̀ ojú irin wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí rẹ̀.

Alzina ti padà sílé rẹ̀. Ó ní òun ò ní bá mi tú u, òun ò sì ní wọlé. Ó ní ilé ìdáná ìyá Verla nìyẹn, òun ò ní gbé ìkòkò kaná níbẹ̀ àfi tí Verla bá ní kí òun wọlé. Kò gbé ọbẹ̀ wá mọ́. Ẹ̀wà inú agolo ni mò ń jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á máa bó ẹ̀wà tútù, á kọjú sí ilé mi, èmi náà á kọjú sí tiẹ̀. Ó ń dùn mí, ọmọ mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi sunkún ìyá rẹ, n kò sì ní gbàgbé rẹ̀ láé.

Torí náà, jọ̀wọ́, fi dọ́là mẹ́ta ránṣẹ́ kí n fi ra gíláàsì fèrèsé ilé ìdáná, torí bí ẹnì kan bá máa dáná níbẹ̀, kò yẹ kí atẹ́gùn máa pa iná rẹ̀. Kó o sì sọ èyí tó o bá fẹ́. Bó o bá ní rárá, màá wá tò sí ìlà tí wọ́n ti ń tú u.

Ọlọ́run á fún ọ ní ẹni tó máa jókòó sí apá ibi tí etí rẹ ti ń gbọ́ràn. O ò ní ṣìnà láàárín iná wọ̀nyẹn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Heber

Ó ku ohun kan tí n kò sọ fún Lamoni. Oníwàásù yẹn, apá ọ̀tún mi ló dúró sí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́. Alzina ló sì fà mí lápá, tó dá mi dúró síbẹ̀.