Nípa Bàtà Tí Wàá Fi Rìn Ní Yúróòpù

Ìyá mi, ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú làálàá, o kú ọ̀rọ̀ wa. Ṣé ara rẹ le? Ṣé àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ ò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ níbi tí ojú wa ò tó ọ, kò ní tòògbé lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Àwa náà wà. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, eyín tó ń dùn ún ti sinmi, ẹnu rẹ̀ sì ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, èmi ni mò ń jìyà rẹ̀. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ti ń jò ní igun kan, mo ti gbé máṣíìnì kúrò níbẹ̀, mo gbé korobá sí i. Ajá alápatà gbé bàtà òsì tísà àgbà sá lọ, mo bá rán òsì mìíràn fún un, ọjọ́ kejì ni ajá gbé tàkọ́kọ́ padà, tísà wá ní òsì méjì àti ọ̀tún kan, ó ní kí n rán ọ̀tún sí i kó lè pé méjì-méjì, mo ní àfi bí ajá bá máa sanwó.

A gba ọ̀rọ̀ tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Mi ò dá ọ lóhùn lórí rẹ̀ nítorí pé fóònù yìí ò ní sùúrù, kí n tó ronú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ, ó ti bá mi parí rẹ̀, ohun tó sì fi ń parí rẹ̀ kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn mi. O ní ibi iṣẹ́ yín fẹ́ rán ẹ̀yin ayàwòrán ilé mẹ́fà lọ sí Yúróòpù fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹ lọ máa wo ilé àtijọ́. Inú wa dùn púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo sọ fún ìyá rẹ pé bó bá jẹ́ ilé àtijọ́ ni wọ́n ń wá, kí wọ́n wá wo èyí tí a bí ọ sí, kò ní ná wọn ní nǹkan kan, kí wọ́n kàn má fara ti ògiri rẹ̀. O ní wákàtí mẹ́jọ lẹ ó máa fẹsẹ̀ rìn lójúmọ́ lórí ọ̀nà olókùúta, àti pé bí o ò bá rí bàtà tó rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, wàá yọ̀ǹda àyè rẹ fún ẹlòmíràn. O wá ní kí n bá ọ yan ọ̀kan nínú bàtà mẹ́ta tí àwòrán wọn wà lórí fóònù. Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ọjọ́ tó o ti kúrò nílé, o ò bi mí ní nǹkan kan nípa bàtà rí.

Mo bá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Mo mú téèpù, mo wọn bàtà àkọ́kọ́ lójú fóònù, kò gùn ju ìka kan lọ. Mo wọn èkejì àti ẹ̀kẹta, bákan náà ni. Mo ní irú ẹsẹ̀ wo làwọn ará ibẹ̀ ní? Mo pe aránṣọ tí a jọ pín ògiri ṣọ́ọ̀bù, obìnrin náà mọ̀ nípa fóònù jù mí lọ, ó fi ìka méjì fa bàtà yẹn, bàtà bá gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọmọ mi, ó ti di ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń rán bàtà, mi ò rí irú èyí rí. Bàtà tí obìnrin kan fi ìka méjì fà tó gùn báyẹn, bí ìwọ bá wá fi odindi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ rìn fún wákàtí mẹ́jọ, kí ló máa dà? Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ṣàlàyé o, ṣùgbọ́n ìfura loògùn àgbà.

Ó tún kà á fún mi pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ti jẹ́rìí pé èyí tó funfun nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára, pé ọkùnrin kan tilẹ̀ fi rin orílẹ̀-èdè mẹ́ta. Ta ló mọ ọkùnrin náà? Ta ló rí ẹsẹ̀ rẹ̀? Ẹlẹ́rìí tí kò bọ́ bàtà ká rí gìgísẹ̀ rẹ̀, mi ò gba ẹ̀rí rẹ̀. Èyí tó wá bí mi nínú ni pé wọ́n ní kéèyàn sanwó láti báǹkì kó tó fojú kan bàtà. Mo wọ aṣọ, mo lọ bá ọmọbìnrin tó ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní báǹkì, mo bi í pé níwọ̀n ìgbà tí owó bàtà ọmọ mi máa gba ọwọ́ wọn kọjá, ṣé ẹnì kan lára wọn ti ki ọwọ́ bọ inú bàtà náà wò? Ó ní àwọn kì í ki ọwọ́ bọ bàtà. Mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka owó lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó gbà á! Ó bá fún mi ní fọ́ọ̀mù kan pé kí n kọ ẹ̀sùn mi sí i. Níbi tí wọ́n ti béèrè irú ìyà tó jẹ mí, mo kọ ọ́ pé kò tíì jẹ mí, mò ń dènà rẹ̀ ni.

Ti fóònù tó o ní ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ lójoojúmọ́, mo gbé tèmi sórí bẹ́ǹṣì, mo rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ka ẹyọ kan. Mo gbà pé ẹsẹ̀ àwọn ará ìlú ńlá nìkan ló mọ̀.

Gbọ́ ohun tí èmi mọ̀ dájú. Má ra bàtà láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni kó o wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Àyè àtàǹpàkò kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù níwájú. Tẹ̀ ẹ́ wò, bó bá ká ní àárín gbùngbùn, dá a padà, ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó ti ká. Bàtà tí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìrán an, òjò ló máa sọ òótọ́ rẹ̀ fún ọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dúdú yẹn ga ní gìgísẹ̀, òkúta á fi dá ọ lọ́rùn ẹsẹ̀. Funfun yẹn tínrín, wàá máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ ka òkúta ni. Èyí tó pọ́n rúsúrúsú, tó ní okùn, òun ni mo yàn, torí okùn ṣeé tú díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá wú lọ́sàn-án. Kó o sì wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ parí ìwé yìí sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n o kọ gbólóhùn kan sí ìdí ọ̀rọ̀ rẹ, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan, pé ìka kékeré ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ tó gun orí ìkejì rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí bàtà jókòó fún ọ. O ò bi mí bó ṣe débẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ ni ọ́, o ò lè bi mí. Mo gbé ìwé tí mo máa ń ya ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà sí, mo ní kí n wo bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe rí nígbà yẹn, kí n lè mọ ibi tí bàtà náà ti máa nílò àyè. Ẹsẹ̀ gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀, mo fi lẹ́ẹ̀dì ya wọ́n, mo kọ orúkọ sí wọn: ti tísà àgbà, ti alápatà, ti àwọn tó ti kú. Mo ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo tún ṣí i láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n yéé da ìwé rú, pé mi ò ya tìrẹ rí. Ó ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíràn, ó sì bá tirẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé. Mo pa ìwé náà dé.

Bàtà tó o wọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ fún ọdún méjì, tìrẹ kọ́. Oníṣòwò kan ló ní kí n rán an fún ọmọ tirẹ̀, kò padà wá gbé e, mo ní kó má ṣòfò. O ní ó ń há ọ lẹ́sẹ̀. Mo ní awọ ni, á fẹ̀. O tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo ní ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni, torí oníbàárà wà níwájú mi. O ò sọ ọ́ mọ́. Tó o bá wá ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, bàtà á wà lọ́wọ́ rẹ, wàá máa fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, àwọn ará àdúgbò á ní ẹ wo ọmọ tó mọ iyì iṣẹ́ bàbá rẹ̀, kò fẹ́ kí bàtà gbó. Èmi náà á máa rẹ́rìn-ín, mo tilẹ̀ ń fi ọ́ yangàn. Àṣé ó ń dùn ọ́ ni, èmi tí wọ́n ń pè ní oníbàtà ni mi ò mọ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo ti ń wo ẹ̀yìn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ohun tí mò ń rí níbẹ̀ ò dáa. Má bínú, ọmọ mi. Mo jẹ̀bi rẹ.

Má yọ̀ǹda àyè rẹ fún ẹnikẹ́ni. Ra bàtà olókùn yẹn, èmi á la ẹ̀gbẹ́ tọ̀tún, mo ti tọ́jú awọ kékeré kan tó rọ̀ dáadáa tí mo fẹ́ fi bo ibẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé a là á. Ohun tó kù ni ẹsẹ̀ rẹ. Bí agbára bá wà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, àlọ àti àbọ̀, kó o fi díẹ̀ lé e fún òwú, àti fún páànù kan tí mo máa fi dí igun òrùlé yẹn, bí Ọlọ́run bá ṣe é fún ọ. Awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá ni kó o fún, má gbà á láti báǹkì, èmi àti wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀. Mo máa wá ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó o bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ìwọ á dúró lórí ìwé, èmi á lóṣòó. Má sọ pé bàbá kì í lóṣòó síbi ẹsẹ̀ ọmọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mo ti lóṣòó síbi ẹsẹ̀ ẹni tó bú mi, ìwọ nìkan ló kù.

Àlọ rẹ á re, àbọ̀ rẹ á re. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. O ò ní fẹsẹ̀ kọ níwájú ire. Ibi tí ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá dé, tìrẹ á kọjá ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á sì gbé ọ débẹ̀. Àmín.

Bó bá sì jẹ́ pé o ò fẹ́ kí n wá, mi ò ní bínú. Tẹ́ ìwé sílẹ̀, ya ẹsẹ̀ náà sí i fúnra rẹ, kí lẹ́ẹ̀dì dúró ṣánṣán, kó o fi rán awakọ̀. Àwòrán ilé lò ń ya jẹun, mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ lè ya ìka kékeré yẹn kó tọ́, torí kó má baà dùn mí. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ya á bó ṣe wà.

Bàbá rẹ ni.