Omi Olóòórùn Èéfín tí Àáfà Fẹ́ Tọ́ Wò

Keteren Gwari, Minna.
Ọjọ́ kejìdínlógún ààwẹ̀, 1958.

Àbdùlwàhídù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Èkó ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ gbé ọ mì. Ara gbogbo wa le. Sàlíhátù ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o máa jẹ sààrì dáadáa, kí o má ṣe máa fi tíì nìkan gbààwẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí o, n kò bẹ akọ̀wé kankan. Ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, Yaki da Jahilci, tí mò ń lọ nírọ̀lẹ́ ni, tísà wa ní ọwọ́ mi ti ń tọ́ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Iṣẹ́ tí o ní wọ́n gbé fún ọ ní hòtẹ́ẹ̀lì yẹn yà mí lẹ́nu, pé ẹ máa ń kó máńgòrò, ọ̀pẹ òyìnbó àti omi ọsàn pọ̀ mọ́ omi dídì sínú ife ńlá kan, tí ọ̀bẹ á máa yí nísàlẹ̀ rẹ̀ gìrìgìrì títí gbogbo rẹ̀ á fi kúnná bí ògì. Ta ló ń yí ọ̀bẹ náà? Ṣé ẹsẹ̀ lo fi ń tẹ̀ ẹ́ bíi ti ẹ̀rọ mi? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, máa sinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kì í ta orúnkún lọ́jà.

Èyí tó wá gbà mí lọ́kàn jù ni omi inú ìgò tí o ní ẹ máa ń ta díẹ̀ sí i, tó ń rùn bí èéfín, tí òyìnbó ọlọ́kọ̀ ojú omi ń gbé wá láti Mẹ́síkò. O ní ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan ni wọ́n ń sun ìdí rẹ̀ nínú kòtò kí wọ́n tó fún omi rẹ̀. Ṣé irú èyí tí wọ́n gbìn yí ọgbà réluwéè wa ká ni? Mo gé díẹ̀ níbẹ̀, mo sun ún, mo tọ́ ọ wò lẹ́yìn ìṣínu. Ètè mi wú fún ọjọ́ méjì, ni mo fi mọ̀ pé kì í ṣe òun.

Ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀ o. Àáfà Àbdùlbáàkí, bàbá Nàímátù àfẹ́sọ́nà rẹ, ránṣẹ́ pè mí. Mùkáílà tó ń ta kẹrosíìnì ní Nassarawa níbí ti ti Èkó dé, ó sì sọ fún wọn pé ọtí ni wọ́n ń tà níbi iṣẹ́ rẹ. Àáfà ní àwọn kò ní fi ọmọ fún ẹni tó ń gbé ọtí, pé bó bá jẹ́ òótọ́, kí n wá kó ẹrù ìdána mi padà kí ààwẹ̀ tó parí. Wallahi, mo mọ bí o ṣe fẹ́ràn ọmọ yẹn tó. Ìyá rẹ sunkún títí oúnjẹ ìṣínu fi tutù.

Mo gbé lẹ́tà rẹ lọ, mo kà á sí wọn létí. Mo ní níbo ni ọtí wà nínú èyí? Èso ni, omi ni, èéfín ni. Ṣebí obìnrin Haúsá tó wà lágbàlá kejì wa a máa dojú ìkòkò rẹ̀ bo èéfín turaren wuta, tùràrí wọn, kó tó rọ omi sí i, kí omi náà lè máa ta sánsán? Àáfà bi mí pé kí ló dé tí òyìnbó tó bá ti mu ife mẹ́ta fi ń kọrin, tó tún ń sunkún ìyá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ ọ́. Mo ní ọ̀nà ilé wọn ló jìn. Wọ́n tún bi mí nípa kòkòrò tí o kọ pé ó máa ń wà nísàlẹ̀ ìgò. Mo ní ẹni tó rọ ọ́ ni kò fọ ìgò.

Kí ọ̀rọ̀ lè tán, mo ní kí wọ́n wá ṣínu lọ́dọ̀ wa. Ìyá rẹ ra máńgòrò lọ́wọ́ obìnrin Gwari tó gbé e léjìká kọjá, ó gún un mọ́ ọ̀pẹ òyìnbó nínú odó, ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. A tọrọ turare lágbàlá kejì, a fín ìkòkò, a rọ omi sí i, a wá bu omi náà sórí èso. Omi dídì nìkan ni a kò rí. Àáfà ṣe bìsìmílà, wọ́n mu ife kan, wọ́n yẹ ìsàlẹ̀ ife wò. Mo ní mo gbé! Wọ́n tún na ife, wọ́n mu èkejì, wọ́n mu ẹ̀kẹta, wọ́n ní kai, madalla! Wọn kò kọrin, wọn kò sì sunkún. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n dá ọjọ́ fún wa, Jímọ̀ kejì lẹ́yìn Ìtúnu ni wọ́n á so yìgì yín. Nàímátù wá kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ láàárọ̀ àná, ẹ̀rín kò kúrò lójú rẹ̀.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún máńgòrò àti ṣúgà, nítorí ogójì Àáfà ló ń bọ̀ láti Ìlọrin. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé Àáfà Àbdùlbáàkí ní tiwa dùn, ṣùgbọ́n àfarawé ni. Kí o gbé ojúlówó ìgò mẹ́fà wá, kí o sì yọ kòkòrò inú rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló máa kọ́kọ́ mu ún lójú gbogbo ìjọ kí wọ́n tó so yìgì, kí ojú lè ti Mùkáílà. Wọ́n ní bí àwọn kò bá rí ìgò yẹn, kí a má retí ìyàwó.

Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀, ìgò kankan kò sì ní fọ́ lọ́nà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àbdùlsàlámì télọ̀.