Bí Wọ́n Bá Ti Kọ́ Yín Dé Ẹsẹ̀

Ọmọ mi, dókítà mi,

Ṣé dáadáa lo wà níbẹ̀ yẹn? Ṣé ò ń jẹun, àbí ìwé nìkan lò ń jẹ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìwé fọ́ ẹ lójú, ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n lára aláìsàn, àmín. Ilé wà bó ṣe wà. Ajá wa bímọ, atẹ́gùn ṣí páànù ilé ìdáná, wọ́n sì ti bá wa kàn án padà, àmọ́ kì í ṣe bàbá rẹ ló kàn án, ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyẹn.

Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ò dára rárá. Ìṣó ni wọ́n tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kan ibùsùn tí àwọn aláìsàn rẹ máa sùn sí bí o bá dé. Wọ́n ní egbò lásán ni. Ní báyìí ó ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀, wọn ò lè dìde mọ́, orí ibùsùn yẹn gan-an ni wọ́n wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ni aláìsàn rẹ àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wá lọ sunkún lẹ́yìn ilé.

Nígbà tí télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ ń ya fọ́tò ẹsẹ̀ náà láti fi ránṣẹ́ sí ẹ, mo ní kó gbé fóònù sún mọ́ ọn kí òórùn lè wọlé, torí òórùn yẹn gan-an ló yẹ kí dókítà gbọ́. Ó ní fóònù kì í gbé òórùn. Ohun tó ń gbé ohùn èèyàn! Ọ̀lẹ ni télọ̀ yẹn.

O fèsì pé ká gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá kíákíá, pé akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni ẹ́. Kò yé mi o. O ti lo ìlàjì nínú àwọn ọdún tí wọ́n ní kí ẹ lò, ṣebí ìlàjì ara ni wọ́n ti kọ́ yín nìyẹn? Tó bá jẹ́ láti orí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ti wà níbi ikùn. Jọ̀ọ́, kúnlẹ̀ bẹ olùkọ́ yín kó fo ikùn ná, kó kọ́ yín ní ẹsẹ̀.

Bàbá rẹ kọ̀ jálẹ̀, wọn ò lọ. Wọ́n ní wọ́n á gé ẹsẹ̀ àwọn níbẹ̀, ọmọ àwọn sì ń bọ̀. Ṣé o rántí ọjọ́ tí àbúrò rẹ kú mọ́ mi lẹ́yìn, níwájú ilé ìwòsàn wa tí wọ́n fi àgádágodo tì torí kò sí dókítà? O di aṣọ mi mú, o ní ìwọ lo máa di dókítà tó máa ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Bàbá rẹ ò rò bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá kí wọn ni wọ́n ń sọ fún pé ọmọ àwọn ti ṣèlérí, ọmọ àwọn kì í parọ́.

Lánàá mo fọ egbò náà, wọn ò mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mi ò tọrọ owó lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́tà ni mo fẹ́, sí bàbá rẹ ní tiwọn. Sọ fún wọn pé o ò padà wá sílé mọ́, pé ìgboro dùn mọ́ ẹ, o ti ríṣẹ́ síbẹ̀, kí wọ́n yéé retí rẹ. Kọ ọ́ kó le. Wọn ò ní gbà á lẹ́nu mi, àmọ́ wọ́n mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ. Wọ́n á bínú, wọ́n á pè ẹ́ ní ọmọkọ́mọ, wọ́n á sì jẹ́ ká gbé wọn lọ. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ń dúró gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ, mọ́tò rẹ̀ náà ló máa gbé wọn.

Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ rẹ, á dá ẹ sí fún wa. Ọmọ mi, irọ́ ni mo ní kí o pa o. Jọ̀ọ́, jẹ́ kó jẹ́ irọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.