Ẹ̀yin Lẹ Gba Ipò Kìíní

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú àjò o. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ara Màmá ti ń le. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ fi ránṣẹ́ bá wọn lára mu. Ọkọ mi ti tún òrùlé ṣe, òjò ò rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń rùn lẹ́nu mi, ẹ jẹ́ kí n tu ú dànù. Lẹ́tà tí yunifásítì kọ sí yín pé ẹ ò yege fún ipò ọ̀gá àgbà, irọ́ ni. Èmi akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò ni mo kọ máàkì sílẹ̀: ẹ̀yin lẹ gba ipò kìíní. A ò tíì dìde nípàdé tí mínísítà fi tẹ alága láago. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹni ìjọba ló máa wọlé. Akọ̀wé, tún un kọ."

Àgbà mẹ́sàn-án wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́ lójú wọn! Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo wọn, wọ́n ń jẹ bisikíìtì wọn lọ.

Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ọwọ́ mi ò ní kọ ọ́." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé mi lọ máa ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé pé kí wọ́n fi máàkì yín hàn yín. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín já sófo. Bí wọ́n bá sì bi yín pé ta ló sọ fún yín, ẹ dárúkọ mi.

Èmi ni,
àbúrò yín obìnrin