Mo Ti Bá Ọ Fọ Omi Gbígbóná Náà

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń jẹun yó? Àwa náà wà, àfi orúnkún bàbá rẹ tó ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe ara ẹbí. Ẹni tó bá ń lépa rẹ kò ní bá ọ, bó bá sì bá ọ, yóò gbàgbé ohun tó fẹ́ wí.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní olùkọ́ àgbà yín ń bọ̀ wá wo ìsun omi gbígbóná ẹ̀yìnkùlé wa ní ìparí oṣù, pé orí rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí rẹ dúró lé. Ojú tì mí. Omi tí nǹkan yíyọ̀ ti bo òkúta rẹ̀ láti ayé ìyá ọkọ mi! Kí àlejò má baà sọ pé ilé ọ̀bùn lo ti jáde, mo so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ igi gígùn, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí òkúta fi funfun báláú.

Ìgbà tí mo ṣe tán ni bàbá rẹ tó ka ojú ewé kejì, pé nǹkan yíyọ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ ń bọ̀ wá wò, pé àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-ìn tí ojú ò lè rí ló ń gbé inú rẹ̀, àti pé àwọn tó wà nídìí ibi tó ń hó kì í ṣe ẹbí àwọn tó wà létí. Mo ti lé odindi ìlú jáde láìfún wọn ní kúìtì nóótìsì! Aránṣọ tó múlé tì wá rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n yáa lọ bẹ̀ wọ́n. Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Fọ́ọ̀mù tó o fi ránṣẹ́, tó ń béèrè irú àwọn tó ń gbé ibẹ̀, mo kọ ọ́ sí i pé wọ́n ti kó lọ.

Àṣé wọ́n ń padà bọ̀! Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àwọn aláwọ̀ ìyeyè ti wà nídìí ìhó, àwọn aláwọ̀ ọsàn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i, àwọn aláwọ̀ ewé létí níbi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, níbi tí kálukú wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo fi ṣíbí bu díẹ̀ nínú àwọn aláwọ̀ ewé lọ sídìí ìhó kí wọ́n lè kí ara wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti funfun, wọ́n kú. Bàbá rẹ ní kò ya òun lẹ́nu: ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lòun ti ń sùn nídìí ààrò tí èmi sì ń sùn lẹ́bàá fèrèsé, ẹnikẹ́ni ò sì ṣi ibùsùn rí.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù náà, tọjọ́ tìṣísẹ̀. Bí olùkọ́ bá bínú, fi hàn án. Bí kò bá sinmi, ní kó wá bá mi.

Jọ̀wọ́, fi owó búrọ́ọ̀ṣì tuntun ránṣẹ́, eyín ti tán lẹ́nu èyí. Má bẹ̀rù, inú ilé nìkan ni n ó máa fi fọ̀.

Ọlọ́run yóò fi ọ́ síbi tí ooru ibẹ̀ bá ọ lára mu, bí ẹnikẹ́ni bá sì fọ̀ ọ́ kúrò, wàá padà hù síbẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́.