Ṣọ́ọ̀kì Abẹ́ Àga

Bàbá mi àtàtà,

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń gba fóònù lọ́wọ́ mi, tí ẹ ó gbé e jìnnà sójú, tí ẹ ó máa wá orúkọ mi lára iṣẹ́ tí mo bá kọ? Ẹ ò rí i rí. Fóònù lẹ máa ń bínú sí.

Mo ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Mi ò jókòó sí yàrá wa ní Karmo l'Abuja níbí mọ́, kí n máa kọ̀wé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún oníbàárà tí mi ò mọ̀ rí, lórí oúnjẹ ológbò àti bàtà tí wọ́n fi ń rìn nínú yìnyín, kí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíì sí i, kí wọ́n sì fún mi lówó tí kò tó ra dátà. Ẹ̀yin lẹ máa ń fún mi lówó ọkọ̀ nígbà yẹn, ẹ ó wá ṣe bí ẹni pé mo yá a ni.

Ìtàn ìgbésí ayé àwọn àgbàlagbà ni mò ń kọ báyìí. Àwọn ọmọ wọn ló ń gbé iṣẹ́ fún mi. Màá jókòó tì wọ́n, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, èmi á sọ ọ́ di ìwé. Mo ń jẹun kánú, ẹ fọkàn balẹ̀. Màmá kan láti Èkìtì, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Jahi, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá, òyìnbó ni wọ́n fi ń dáhùn. Lọ́jọ́ tí mo ka ibi tí Màmá ti sá fún ìyá rẹ̀ lọ wẹ̀ lódò sí wọn létí, èyí tó kéré jù fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, ó wá fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ ìyá àgbà. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá, mi ò rí ẹni tó ń gbádùn nǹkan tí mo kọ rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Orúkọ mi wà lára ìwé náà gàdàgbà. Ẹ̀yin tí mo fẹ́ fi hàn lẹ ò sí láyé mọ́. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún yín. Kí ló dé tí ẹ ò dúró díẹ̀ sí i?

Mo wá rántí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ṣe àga. Kí ẹ tó fi fómù àti aṣọ bo igi àga, ẹ ó mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ ó kọ orúkọ yín síbi tí ẹni tó ni àga ò ní rí láéláé. Mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín pé ta ló fẹ́ kà á. Ẹ ó kàn máa kí àwọn tó ń kọjá ní sànnu bíi Haúsá, ẹ ó máa kan ìṣó yín lọ. Kí lẹ máa ń rò lọ́kàn yín nígbà yẹn?

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń di ìwé Màmá, mo bẹ ẹni tó ń dì í pé kó dúró ná, kó tó lẹ aṣọ mọ́ páálí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mú ṣọ́ọ̀kì yín tó ṣẹ́kù jáde nínú àpò mi, mo kọ orúkọ yín sára páálí náà. Ọkùnrin náà wò mí bákan. Ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó lẹ aṣọ bò ó.

Màmá ò mọ̀. Ìwé náà wà lórí itan rẹ̀ ní Jahi, orúkọ mi níta, tiyín nínú.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì yín ṣe yẹ̀yẹ́.